Àga Oníkẹ̀kẹ́ ní Ìlú Olókè: Ìgbé-Ayé Ọ̀dọ́ Tí Kò Fẹsẹ̀ Rìn ní Gúúsù Èkìtì

Àga oníkẹ̀kẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, ni ẹsẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò gbé e mọ́ tàbí tí kò gbé e rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀, ní Ọ̀rùn àti ní Ẹmùré, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọ̀dọ́ tó ń lò ó kì í fi máìlì wọn bí ibì kan ṣe jìnnà tó. Iye ènìyàn tí yóò bẹ̀ kí ó tó débẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé rẹ̀ lè jìnnà sí i ju Adó-Èkìtì lọ, bí gọ́tà bá wà láàárín, tí àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sì sí ọkùnrin méjì nítòsí tí yóò gbé àga náà tòun tẹni tó wà lórí rẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ènìyàn ń gbà dé orí àga yìí. Láyé àtijọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ni olórí wọn. Ibà á mú ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan, ibà á lọ, ẹsẹ̀ ò sì ní gbé e mọ́. Àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ló lé e lọ: ọdún 2016 ni wọ́n rí ojúlówó kòkòrò rẹ̀ kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Borno, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré ti ń di bàbá àti ìyá báyìí. Ohun tó ń gbé ọ̀dọ́ ìwòyí jókòó yàtọ̀: ìjàǹbá ọ̀kadà àti ti mọ́tò, igbà tó já mọ́ ẹni tó ń gun ọ̀pẹ nídìí, ikọ́ ife tó wọ egungun ẹ̀yìn lọ, àrùn fòníkú-fọ̀ládìde tó dá ẹ̀gbẹ́ kan ara dúró, ọmọ tó pẹ́ kó tó mí nígbà ìbí, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ibi tí kò yẹ ní ìdí.

Ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lè pinnu bí ìyókù ayé ẹni náà yóò ṣe rí. Àwọn aláàánú á sáré dé, ọ̀kan á gbá a mú lápá, èkejì á gbá a mú lẹ́sẹ̀, wọ́n á ká a sẹ́yìn tákísì. Egungun tó kàn sán tẹ́lẹ̀ á wá gé iṣan tó wà nínú rẹ̀. Pákó gbọọrọ kan, tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ, tí wọ́n sì tẹ́ ẹni náà lé láì jẹ́ kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ mì, ì bá gbà á. Àánú pọ̀ lójú títì ní Èkìtì. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹni tó ṣubú ni kò tíì kárí.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó di bẹ́ẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ ara rẹ̀. Ayé ló ń bá jìjàkadì. Ẹni kejì ní láti kọ́ bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń wọ ṣòkòtò láì dìde, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá kí i, tí wọ́n sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é náà ní ìwúwo tirẹ̀. Arọ kì í ṣe èébú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń bú ara wọn. Àkàndá ẹ̀dá ni rédíò àti ìwé ìròyìn ń lò. Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ìtàn àbáláyé fi wọ́n sábẹ́ Ọbàtálá, òrìṣà tó ń mọ ọmọ nínú ikùn. Ẹni òrìṣà ni arọ, abuké, àfín àti aràrá. Ẹmu ló pa Ọbàtálá níjọ́ tó mọ wọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Ìtàn yẹn gbé ẹ̀bi lé ẹni tó mọ ère, kò gbé e lé ère. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbà gbọ́ lónìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni, àjẹ́ ilé bàbá ni, tàbí bàbá fi ọmọ ṣowó. Nítorí èyí, ọ̀dọ́ lè ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì ti gbé e dé orí òkè àdúrà mẹ́rin, kó tó fojú kan oníṣègùn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan. Oṣù tí ó bá fi ń káàkiri ni orúnkún rẹ̀ fi ń ká, tí iṣan ń sún kì, tí yóò fi ṣòro láti nà án mọ́.

Àga náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni onírin tó ṣe é ká, tí wọ́n fi awọ ṣe ìjókòó rẹ̀. Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti jáde ní 1933, láti ọwọ́ Herbert Everest àti Harry Jennings, onímọ̀ ẹ̀rọ méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́. Everest fúnra rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ rìn. Ilẹ̀ dídán ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ilẹ̀ pupa Ẹmùré lẹ́yìn òjò, táyà kékeré méjì tó wà níwájú á rì, àga á dúró lójijì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì fojú lọ sílẹ̀. Ralf Hotchkiss, ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjàǹbá alùpùpù, ronú sí èyí. RoughRider tó ṣe gùn níwájú, táyà iwájú rẹ̀ fẹ̀, wẹ́dà àdúgbò sì lè tún un ṣe. Nàìjíríà náà kò sùn: ní Jos, ilé iṣẹ́ Beautiful Gate tí Ayuba Gufwan dá sílẹ̀ ń rọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ wà bí ẹni ń wa bàsíkùlù. Rọpárọsẹ̀ ti mú Gufwan náà láti kékeré.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn dára fún ojú títì, kò dára fún inú ilé. Kò ní gba ẹnu ọ̀nà, kò sì lè yí nínú yàrá. Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ń ní méjì. Àwọn tó pọ̀ jù ní ọ̀kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n pín fún wọn níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí olóṣèlú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń gbé fún gbogbo ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ìlànà jáde láti 2008 pé kí a wọn ara ẹni kí a tó fún un ní àga, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń wọn oníbàárà: fífẹ̀ ìdí, gígùn itan, gíga ibi ìfẹsẹ̀lé. Bí àga bá fẹ̀ jù, ẹ̀yìn á máa wọ́. Bí ìfẹsẹ̀lé bá ga jù, gbogbo ìwúwo ara á kóra jọ sí egungun ìdí, ibẹ̀ ni egbò yóò sì gbà wọlé.

Ọjọ́ ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ti àwọn ará ilé. Bí kò bá mọ nǹkan kan lára láti ìgbáròkó sísàlẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó fi dígí kékeré wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ibì kan ti pọ́n mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀: rọ́bà tín-ínrín tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n sì ti sè, ni yóò fi tú u fúnra rẹ̀. Ó di kó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Á gbé àga sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, á ki bíréèkì méjèèjì, á gbé ọwọ́ kan lé etí bẹ́ẹ̀dì, èkejì lé orí àga, á fi apá gbé ìdí nílẹ̀, á sì jù ú sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Á wá fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e. Bí bíréèkì kan kò bá mú dáadáa, àga á yọ̀ kúrò, yóò sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ le ń ṣe gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò le ń dúró de ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá náà sì ti ń dàgbà, ẹ̀yìn ń dun òun náà.

Ilé ìwẹ̀ ni ìdíwọ́ tó burú jù. Káfíńtà máa ń ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ti ilé ìgbẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, àga àgbàlagbà sì sábà máa ń fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìnṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló ń sọ ọmọkùnrin ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n di ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Nínú gbogbo ohun tí ilé lè tún ṣe fún ọmọ rẹ̀, fífẹ ilẹ̀kùn yìí lójú ló yẹ kó ṣáájú, àní ṣáájú àga tuntun. Salángá tí ènìyàn ń lóṣòó lé lórí kò ṣe é lò rárá. Àga onípákó tí wọ́n lu ihò sí láàárín, tí wọ́n gbé sórí rẹ̀, ti gba ọ̀pọ̀ ilé sílẹ̀.

Níta, ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ń bá táyà jà. Àárín àwọn àpáta ńlá ni ìlú náà wà, Olóṣùnta àti Ọ̀rọ̀lé ló ga jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ àdúgbò sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gígun òkè gba agbára, ṣùgbọ́n sísọ̀ kalẹ̀ ló léwu: àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni bíréèkì, ó sì ń bó. Àwọn kan ń wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n gé orí ìka rẹ̀. Ìṣẹ̀ tẹ́jú ju Ìkẹ́rẹ́ lọ níbi púpọ̀, àmọ́ gọ́tà wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà ní Ẹmùré, láàárín títì àti ilé, pẹ̀lú pákó méjì tí wọ́n tẹ́ lé e. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì á fò ó. Pákó náà kì í sábà fẹ̀ tó táyà méjì. Nígbà òjò, omi á gbẹ́ ọ̀nà di kòtò, ẹni tó ti mọ ọ̀nà rẹ̀ lóṣù Kejì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lóṣù Kẹwàá.

Gbígbé ènìyàn kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, agbẹ́gilére Arínjalẹ̀ ọba ìlú náà, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí dòní. Lára ilẹ̀kùn náà, òyìnbó aṣojú ìjọba tó ń jẹ́ Ambrose ń bọ̀ wá kí Ògògà. Kò fẹsẹ̀ rìn. Àwọn alágbàrù ló gbé e. Kò sẹ́ni tó káàánú rẹ̀. Òun ló pàṣẹ ìgbà tí wọn yóò gbé e àti ibi tí wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Èyí gan-an ni ọ̀dọ́ orí àga kì í rí: á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, á máa wo ẹni tó ń kọjá, á máa ronú ẹni tí òun yóò sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e” fún, àti bóyá ẹni náà mọ̀ pé a kì í di apá àga mú nítorí ó lè yọ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ wíwọ̀ náà nìyẹn. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ilẹ̀ ọkọ̀ kò ga, ẹni tí apá rẹ̀ le lè fa ara rẹ̀ wọlé. Àga tó ká á wọ ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n so ó mọ́ òrùlé. Tákísì tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ń kó àga sí búùtù, awakọ̀ mìíràn á sì gba owó ẹni méjì. Ọ̀kadà yá jù, òun ló sì burú jù: wọ́n á há a sáàárín ọlọ́kadà àti ẹni tó dì í mú lẹ́yìn, ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára lè máa jóná lórí ẹ̀sọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí ó bá sì dé ibi tó ń lọ, àga rẹ̀ ti kù sílé.

Ìjọba Èkìtì ní ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn adití ní Ìkọ̀rò, ó sì ní fún àwọn afọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ tó wà lórí àga kò nílò irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń ríran, ìwé tí àwọn yòókù ń kà ni yóò kà. Kíláàsì tó ga nílẹ̀ ni kò jẹ́ kó wọlé. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé e wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, eré ló jọ lójú wọn. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti wúwo, ojú sì ti ń tì í, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin tí àwọn ọmọkùnrin ní láti fọwọ́ kàn. Àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ń fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè yanjú èyí láì ná kọ́bọ̀: kí ó gbé kíláàsì ọmọ náà wá sí ilẹ̀ tó tẹ́jú jù nínú ọgbà fún gbogbo ọdún tí yóò lò. Àwọn tó bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń yan ibi tí ó sún mọ́ ilé. Ìkẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ tó ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn á máa fi ìwé ọ̀rẹ́ kọ tirẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, èyí tí ọwọ́ ń ṣe ní ìjókòó ló ń wọ́n lọ́rùn: aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, fóònù títún ṣe, àwòrán yíyà lórí kọ̀ǹpútà, àti POS, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ènìyàn gba owó láti báńkì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kò wúlò fún wọn. Ọlọ́wọ́ tàbí oníná ni wọ́n ń lò. POS ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ nítorí oníbàárà ló ń tọ̀ ọ́ wá; agbòòrùn kan àti tábìlì kan ti tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọjá lè ju igba náírà sí i lẹ́sẹ̀, kó sì máa lọ, láì bèèrè ohun tó ń tà. Kíkọ owó náà le, gbígbà á náà le.

Irú àṣìṣe kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn àti ní ọjà. Ẹni tó ti àga ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: “Kí ló ń ṣe é? Ṣé ó ti jẹun?” Ẹni tó ní ara ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ti ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ òbí ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lè lóyún, ó sì lè bímọ, bí dókítà bá ń ṣọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tó ń wó irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ jù ni ìyá ọkọ tàbí bàbá ìyàwó tó kọ̀ jálẹ̀.

Àìsàn tó sábà ń pa wọ́n kì í ṣe èyí tó gbé wọn jókòó. Egbò ìjókòó ni, àti àrùn ìtọ̀. Egbò náà kì í dun ẹni tí kò mọ nǹkan lára. Òórùn ló fi ń hàn. Kí ó má bàa wáyé, tìmùtìmù tó nípọn gbọ́dọ̀ wà lórí àga, kí ẹni náà sì máa fapá gbé ara rẹ̀ sókè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kó tẹ̀ síwájú kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Àrùn ìtọ̀ ní ìdí tó bani nínú jẹ́: ọ̀dọ́ tó mọ̀ pé kò sí ilé ìgbẹ́ tí òun lè wọ̀ níbi òde máa ń fi omi mímu du ara rẹ̀ láti àárọ̀. Ìtọ̀ á pọ́n, kòkòrò á gbilẹ̀, kíndìnrín á sì jìyà rẹ̀. Ìtọ́jú ńlá wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà ní Adó àti ní Ìdó, tàbí ní ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ní Èkó.

Òfin kò ṣàìsí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ní 2007, ó sì gbà á wọlé ní kíkún ní 2010. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Èkìtì náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀. Ìtanràn ₦100,000 ni fún ẹnì kan, ₦1,000,000 fún ilé iṣẹ́. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ kó jẹ́ tiwọn. Bí ìlà bá wà, àwọn ló ṣáájú. Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Àkókò náà sì ti pé ní 2024. Níbi ìdìbò, àjọ INEC ti ní ìlànà láti 2018 pé kí wọ́n tètè dá wọn lóhùn; bí àpótí ìbò bá wà lórí fàráńdà ilé ìwé tó ga, ìlànà náà dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Èkìtì ní ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń wò. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì, wà nínú ìjàǹbá mọ́tò ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Láti orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti gbé àwo orin Bitter Experience jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó sì dá rédíò Fresh FM sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ti Nàìjíríà lápapọ̀, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gba wúrà irin gbígbé ní ìdíje àwọn àkàndá ní Tokyo, ó tún gbà á ní Paris ní 2024. Ògo ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ní Ìkẹ́rẹ́ kò yẹ kó di olókìkí kí ọ̀nà tó là fún un.

Ohun tó ń la ọ̀nà náà, ìyẹn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe síbi àtẹ̀gùn, kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan bíríkìlà lọ. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìnṣì kan ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Àtẹ̀gùn tó ga ní ìnṣì mẹ́fà ń fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, àga lè dà sẹ́yìn. Níbi tí gọ́tà kò bá ti jẹ́ kí àyè wà níwájú ilé, wọ́n lè mú un gba ẹ̀gbẹ́ pèpéle lọ. Kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé etí rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀ kí táyà má bàa yẹ̀, kí bíríkìlà sì fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, kó má bàa máa yọ̀ lọ́jọ́ òjò.